Gbogbo ayé dá sọ́rọ̀ MKO Abíọ́lá, kí ló dé tí kò fi jáde láàyè?

Lọ́sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Pánṣẹ́kẹ́, mo ń lọ sí Kútọ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì kan jókòó tì mí, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń sọ. Bá a ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ìṣeré MKO Abíọ́lá, ọ̀kan bi èkejì pé ẹgbẹ́ wo ni MKO yìí gbá bọ́ọ̀lù fún tí wọ́n fi sọ pápá lórúkọ ẹ̀. Èkejì ní bóyá gómìnà ni. Mi ò bá wọn wí. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lónìí, wọn ò tíì bí i nígbà tí ọkùnrin yẹn kú. Tí àwa tá a mọ̀ ọ́n ò bá sọ ọ́, ta ló fẹ́ sọ ọ́?

Àmọ́ kì í ṣe ìtàn olówó tó fẹ́ di ààrẹ nìkan ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ìbéèrè kan wà nínú ọ̀rọ̀ Abíọ́lá tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn àjọ ńláńlá lágbàáyé, àwọn ààrẹ ilẹ̀ Áfíríkà tó lórúkọ, àwọn orílẹ̀-èdè tó lówó, gbogbo wọn ló dá sí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí. Wọ́n ní kí Nàìjíríà lọ dúró síta nínú ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè. Wọ́n fi físà du àwọn ọ̀gá ológun. Síbẹ̀, òkú Abíọ́lá ni wọ́n gbé fún wa. Kí ni ẹnu àwọn aládùúgbò lè ṣe fún ẹ̀tọ́ wa, kí sì ni kò lè ṣe? Lásìkò tí ṣọ́jà tún ń gbàjọba káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yìí, ó yẹ ká wá ìdáhùn sí i.

Ọmọ tí wọ́n ní ká ṣì máa wò

Ọjọ́ 24, oṣù Kẹjọ, ọdún 1937 ni wọ́n bí Moshood ní Abẹ́òkúta, ọmọ Gbágùúrà ni. Òun ni ọmọ kẹtàlélógún tí bàbá rẹ̀ bí, àmọ́ òun ni àkọ́kọ́ tó dúró. Gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀, ilẹ̀ ló gbà wọ́n. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Káṣìmáawò. Ẹ̀rù ń ba àwọn òbí rẹ̀ láti yọ̀ jù, wọ́n ní ká ṣì máa wò ó ná, bóyá eléyìí á bá wa kalẹ́. K tó wà láàárín MKO nìyẹn.

Bàbá rẹ̀, Sàláwù, ṣòwò kòkó, àmọ́ òwò náà ò gbè é. Nígbà tí Moshood fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó ti ń jí wọ inú igbó ní ìdájí lọ ṣẹ́gi, á sì tà á kó tó lọ sílé ìwé. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó kó ẹgbẹ́ onílù kan jọ. Ibi ìnáwó ni wọ́n ti ń lọ ṣeré, oúnjẹ ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń gbà dípò owó. Nígbà tí orúkọ wọn ràn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó, owó yẹn ló fi ń ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ nílé ìwé.

Ilé ìwé Baptist Boys' High School, ní Abẹ́òkúta níbí, ló lọ. Òun ni olóòtú ìwé ìròyìn ilé ìwé náà. Ẹni tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ nídìí iṣẹ́ yẹn ni ọmọkùnrin kan láti Òwu tó ń jẹ́ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, a máa padà sórí ẹ̀.

Lọ́dún 1956, ó di akọ̀wé ní báńkì Barclays n'Ìbàdàn. Lẹ́yìn ìyẹn ló rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà lọ sí Yunifásítì Glasgow ní Scotland, ó sì kọ́ṣẹ́ ìṣirò owó yege dáadáa. Nígbà tó dé, ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn LUTH l'Ékòó, ó ṣe ti Pfizer, kó tó wá bọ́ sí ilé iṣẹ́ ITT, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ tẹlifóònù. Ibẹ̀ lowó ti dé. Ó di igbákejì ààrẹ ilé iṣẹ́ náà fún Áfíríkà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn.

Olówó, ọ̀rẹ́ ṣọ́jà

Mi ò fẹ́ fi ọ̀dà kun ìtàn yìí. Abíọ́lá kì í ṣe áńgẹ́lì, kò sì sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀ nígbà ayé ẹ̀. Iṣẹ́ tẹlifóònù tí ITT gbà lọ́wọ́ ìjọba ológun bí ọ̀pọ̀ nínú, torí owó wọlé, tẹlifóònù ò lọ geere. Fẹlá, ọmọ Abẹ́òkúta bíi tiẹ̀, kọ orin bú ITT, ó sì dárúkọ òun àti Ọbásanjọ́ síbẹ̀. Abíọ́lá tún jẹ́ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ pẹ̀lú Ibrahim Babangida àti àwọn ọ̀gá ṣọ́jà mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ bínú sí i lásìkò yẹn, ìdí wà.

Àmọ́ apá kejì náà wà. Lọ́dún 1980 ló dá ìwé ìròyìn Concord sílẹ̀, èyí tó tún bí Ìṣọ̀kan ní èdè Yorùbá fún àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ́ mọ́ṣáláṣí, ó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ran àwọn ọmọ tí kò mọ̀ lọ́wọ́ láti kàwé. Ó ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tiẹ̀, Abiola Babes, ní Abẹ́òkúta. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé bọ́ọ̀lù ló gbá, ẹ ò fi gbogbo ara jìnnà sí òótọ́. Lọ́dún 1988, Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta fi í jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ilẹ̀ Yorùbá, ìkẹrìnlá irú ẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í sábà rántí. Abíọ́lá ni ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ fi owó àti ẹnu wọn sídìí ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bìínú tó yẹ kí àwọn òyìnbó san fún Áfíríkà nítorí òwò ẹrú. Lọ́dún 1992, àjọ OAU, tí AU òde òní rọ́pò, gbé ìgbìmọ̀ àwọn èèyàn jàǹkànjàǹkàn kalẹ̀ lórí ẹ̀, Abíọ́lá ni wọ́n fi ṣe alága. Ìpàdé ńlá lórí ọ̀rọ̀ náà wáyé l'Ábújá ní oṣù Kẹrin, ọdún 1993. Ìyẹn ni pé kó tó di pé ọ̀rọ̀ tiẹ̀ délé àwọn ààrẹ Áfíríkà, ó ti ń wọlé jáde lọ́dọ̀ wọn. Ó mọ̀ wọ́n, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìmọ̀ yẹn ṣe fún un.

Ìbò tí gbogbo wa dì

Ní oṣù Kẹta, ọdún 1993, ẹgbẹ́ SDP fa Abíọ́lá kalẹ̀ ní Jos. Ó mú Baba Gana Kingibe láti Borno ṣe igbákejì. Mùsùlùmí ni àwọn méjèèjì, àwọn kan sì ní àwọn Kristẹni ò ní dìbò fún wọn láéláé. Bashir Tofa láti Kano ni ẹgbẹ́ NRC fa kalẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà, àwọn èèyàn tú jáde, wọ́n dìbò, wọ́n sì padà sílé ní àlàáfíà. Lálẹ́ ọjọ́ méjì ṣáájú, ilé ẹjọ́ kan l'Ábújá ti ní kí ìdìbò náà má wáyé, àmọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Humphrey Nwosu tó jẹ́ alága àjọ ìdìbò kò dá iṣẹ́ dúró. Abíọ́lá ní ìbò tó lé ní mílíọ̀nù 8, Tofa ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 6. Abíọ́lá wọlé ní Kano, ní ìlú Tofa gan-an. Ẹ ronú sí i: ọmọ Ẹ̀gbá wọlé ní Kano, kò sì sẹ́ni tó lu ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ 23, oṣù Kẹfà, Babangida tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ fagi lé gbogbo ẹ̀.

Ìgboro dàrú ní ilẹ̀ Yorùbá. Amẹ́ríkà, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ará Yúróòpù dín ìrànwọ́ kù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi físà du àwọn ológun. Abíọ́lá fò lọ sí London àti Washington ní oṣù Kẹjọ láti lọ ṣàlàyé ara ẹ̀ fún ayé. Babangida yẹ̀bá lọ́jọ́ 26, oṣù kan náà, ó sì gbé ìjọba fúngbà díẹ̀ lé Ernest Ṣónẹ́kàn lọ́wọ́.

Ẹ̀gbá náà ni Ṣónẹ́kàn. Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbá ni wọ́n fi dí àyè Ẹ̀gbá, bóyá wọ́n rò pé ìyẹn á pa wá lẹ́nu mọ́. Kò pa wá lẹ́nu mọ́. Ní oṣù Kọkànlá, Adájọ́ Dọ̀lápọ̀ Akínsànyà ti ilé ẹjọ́ gíga l'Ékòó dá a pé ìjọba Ṣónẹ́kàn kò bófin mu. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ tí Sani Abacha fi gbàjọba, lọ́jọ́ 17, oṣù Kọkànlá, 1993.

Àtìmọ́lé ọdún mẹ́rin

Lọ́jọ́ 11, oṣù Kẹfà, 1994, Abíọ́lá dúró ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní Erékùṣù Èkó, ó sì kéde ara ẹ̀ ní ààrẹ tí àwọn èèyàn yàn. Lọ́jọ́ 23, ìjọba gbé e. Wọ́n fẹ̀sùn ìdìtẹ̀ sí ìjọba kàn án. Àwọn òṣìṣẹ́ epo rọ̀bì, NUPENG tí Frank Kokori ṣáájú àti PENGASSAN, dáṣẹ́ sílẹ̀ fún bí oṣù méjì. Epo wọ́n, bánkì tì, Èkó dá páro. Abacha tú àwọn olórí ẹgbẹ́ náà ká, ó sì kó wọn dà sẹ́wọ̀n.

Wọ́n fi òmìnira lọ Abíọ́lá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ohun tí wọ́n fẹ́ kò ju pé kó jáwọ́ nínú ìbò tó wọlé, kó máa lọ sílé, kó máa jẹ owó ẹ̀. Ó kọ̀. Ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀rẹ́ ṣọ́jà, ẹni tí Fẹlá fi kọrin, òun ló jókòó sínú yàrá kan ṣoṣo fún ọdún mẹ́rin, láìsí rédíò, láìsí ìwé ìròyìn, nítorí pé ìbò kì í ṣe tiẹ̀ nìkan. Níbẹ̀ yẹn lèmi fúnra mi ti dárí ITT jì í.

Ìyàwó ẹ̀, Kùdírátù, kò jókòó sílé sunkún. Ó ń bá àwọn òṣìṣẹ́ epo sọ̀rọ̀, ó ń bá àwọn aṣojú ilẹ̀ òkèèrè sọ̀rọ̀, ó ń bá oníròyìn sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ 4, oṣù Kẹfà, 1996, wọ́n yìnbọn pa á nínú mọ́tò ẹ̀ l'Ékòó. Ọkọ ẹ̀ wà lẹ́wọ̀n, kò lè sin ín.

Àwọn ọmọ Ẹ̀gbá mìíràn náà wà nínú ìyà yẹn. Wọ́n ju Beko Ransome-Kuti, àbúrò Fẹlá, sẹ́wọ̀n. Wọlé Ṣóyínká gba ọ̀nà igbó lórí ọ̀kadà sá wọ orílẹ̀-èdè Benin lọ́dún 1994. Ọbásanjọ́ pàápàá, tí kò fìgbà kankan ṣe alátìlẹ́yìn Abíọ́lá lórí June 12, Abacha ní ó mọ̀ nípa ìdìtẹ̀ gbàjọba, ó rán an lẹ́wọ̀n lọ́dún 1995. Olóòtú àti igbákejì olóòtú ìwé ìròyìn ilé ìwé ọjọ́sí, àwọn méjèèjì ti bára wọn lẹ́wọ̀n.

Ìgbà tí ayé lanu

Kí ni àwọn aládùúgbò ṣe? Kí n sọ èyí tó dáa ṣáájú.

Nelson Mandela ṣẹ̀ṣẹ̀ di ààrẹ South Africa ní 1994. Ó rántí pé Nàìjíríà náwó nára sórí ìjà òmìnira wọn, torí náà ìbínú kọ́ ló kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ó rán Bíṣọ́ọ̀bù Desmond Tutu sí Abacha, ó tún rán Thabo Mbeki. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n bá wá: ẹ tú Abíọ́lá sílẹ̀, ẹ má pa àwọn èèyàn. Abacha gbà wọ́n lálejò, ó sì ṣe ohun tó wù ú.

Lọ́jọ́ 10, oṣù Kọkànlá, 1995, ìjọba Abacha yẹgi fún Ken Saro-Wiwa àti àwọn ọmọ Ogoni mẹ́jọ. Ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn olórí orílẹ̀-èdè Commonwealth ń ṣèpàdé ní Auckland, ní New Zealand. Mandela wà níbẹ̀, inú ẹ̀ sì ru. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dá Nàìjíríà dúró nínú ẹgbẹ́. Wọ́n tún gbé ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà kan kalẹ̀, tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ láti máa yẹ ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè tó bá tẹ ìjọba tiwantiwa mọ́lẹ̀ wò. Ìgbìmọ̀ yẹn ṣì wà. Ọ̀rọ̀ Nàìjíríà wà lára ohun tó bí i.

South Africa pe aṣojú ẹ̀ padà sílé. Mandela ní kí ayé má ra epo wa mọ́. Ó pe àwọn aládùúgbò ẹ̀ ní gúúsù Áfíríkà jọ sí Pretoria ní oṣù Kejìlá láti sọ̀rọ̀ lórí wa. Ìjà náà dé orí pápá: Nàìjíríà tó gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní 1994 kò lọ sí ìdíje ọdún 1996 tí South Africa gbà lálejò, wọ́n sì tún fòfin dè wá pé a ò gbọdọ̀ kópa ní ọdún 1998. Okocha, Kanu, Amokachi, lọ́jọ́ orí tó yẹ kí wọ́n máa kó ife, ilé ni wọ́n jókòó sí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ò kàn yín, bọ́ọ̀lù lẹ ń wò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ yẹn.

Ìgbà tí ẹnu ilé di

Ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ wa níbí, ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bàbá Yorùbá ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tá ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Àwọn ará ilé wa rí kòkòrò tí Abacha ń jẹ. Wọn ò sọ̀rọ̀.

Ta ni ì bá sọ̀rọ̀? Ní Togo, Eyadéma ti wà lórí àlééfà láti 1967, ìbọn ló fi gbà á. Ní Gambia, ọ̀gágun kékeré kan tó ń jẹ́ Yahya Jammeh ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba ní 1994 ni. Rawlings ní Ghana ti fìbọn gbàjọba lẹ́ẹ̀mejì kó tó díje ìbò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Nàìjíríà ló ń gbé ẹrù tó wúwo jù ní ECOWAS, Nàìjíríà ló ń kó ṣọ́jà lọ sí Liberia. Ẹnu tó bá jẹ dòdò kì í lè sọ òdodo. Wọ́n tiẹ̀ fi Abacha ṣe alága ECOWAS ní 1996.

Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù nìyí. Ní oṣù Karùn-ún, 1997, àwọn ṣọ́jà lé Ahmad Tejan Kabbah, ààrẹ tí wọ́n dìbò yàn ní Sierra Leone, kúrò nípò. Abacha ní irú ìyẹn ò lè ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kejì, 1998, àwọn ọmọ ogun ECOMOG tí Nàìjíríà kó jọ lé àwọn adìtẹ̀ náà kúrò ní Freetown, Kabbah sì padà sórí àga. Ṣé ẹ rí i? Àwọn ọmọ ogun wa ń kú ní Freetown kí ìbò ará Sierra Leone má baà ṣòfò, ọkùnrin tí àwa dìbò fún sì wà ní àtìmọ́lé l'Ábújá. Kò sí ààrẹ kankan ní agbègbè yìí tó dìde, tó bi Abacha pé báwo ni tilé ti rí.

Àwọn ará ìlú lásán ló ṣe tiwọn. Ọ̀nà pànpá tó gba inú igbó wọ Benin, tí àwọn èèyàn sọ ní ọ̀nà NADECO, ni ọ̀pọ̀ tó ń jà fún June 12 gbà sá. Láti ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti dá rédíò kan sílẹ̀ ní 1996, tí wọ́n fi orúkọ Kùdírátù sọ.

Àwọn tó lágbára láti fún Abacha lọ́rùn gan-an náà kò fún un. Amẹ́ríkà ló ń ra epo wa jù nígbà náà. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n fi físà dù wọ́n, wọ́n dá títa ohun ìjà dúró, àmọ́ wọn ò fọwọ́ kan epo. Epo sì ni ìjọba ológun ń jẹ.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn

Abacha kú lójijì lọ́jọ́ 8, oṣù Kẹfà, 1998. Abdulsalami Abubakar gba ipò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Ọbásanjọ́ jáde. Beko jáde. Abíọ́lá kò jáde.

Ìgbà yẹn ni àwọn àlejò ńlá ń dé ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Emeka Anyaoku, ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ akọ̀wé àgbà Commonwealth, rí Abíọ́lá. Kofi Annan, ọmọ Ghana tó jẹ́ akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, rí i pẹ̀lú. Annan sọ lẹ́yìn náà pé Abíọ́lá ò mọ òun. Ó rò pé ará Íjíbítì tó ṣáájú òun ló ṣì wà nípò. Wọ́n ti tì í mọ́ inú òkùnkùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi mọ̀ pé ọmọ Áfíríkà dúdú ti di olórí àjọ náà láti ọdún kan ààbọ̀.

Kí ni àwọn àlejò yìí bá wá? Ibí yìí ló dùn mí jù. Kì í ṣe pé wọ́n wá sọ fún Abdulsalami pé kó gbé ìjọba fún ẹni tó wọlé. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí ilẹ̀ tòrò, kí ọ̀rọ̀ June 12 parí, kí wọ́n tún ìbò mìíràn dì. Annan kéde pé Abíọ́lá ò ní rin kinkin mọ́ pé òun lòun máa ṣe ààrẹ. Orí àwọn ẹbí àti alátìlẹ́yìn ẹ̀ gbóná: báwo lẹ ṣe máa bá ẹni tó wà lẹ́wọ̀n dúnàádúrà, tẹ́ ẹ sì máa ní tinútinú ló fi gbà?

Lọ́jọ́ 7, oṣù Keje, 1998, Thomas Pickering àti Susan Rice láti Amẹ́ríkà lọ rí i l'Ábújá. Àárín ìpàdé yẹn ni ara ẹ̀ yí padà. Kò pẹ́ tó fi kú. Ọmọ ọgọ́ta ọdún ni. Àwọn dókítà tí wọ́n pè láti òkèèrè yẹ òkú ẹ̀ wò, wọ́n ní àìsàn ọkàn ni. Ọ̀pọ̀ ò gbà á gbọ́ títí dòní. Ìgboro tún dàrú ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Ilé ẹ̀ ní Ìkẹjà ni wọ́n sin ín sí.

Lọ́jọ́ 29, oṣù Karùn-ún, 1999, wọ́n búra fún ààrẹ tuntun, Commonwealth sì gbà wá padà lọ́jọ́ náà gan-an. Ta ni ààrẹ náà? Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, igbákejì olóòtú.

Kí la rí kọ́?

Àwọn kan máa sọ pé ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ariwo ilẹ̀ òkèèrè ò wúlò, kí kálukú gbọ́ tilé ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ṣọ́jà Mali, Burkina Faso àti Niger ń sọ nìyẹn, wọ́n sì ti kúrò ní ECOWAS ní oṣù Kìíní, 2025. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ló ń pàtẹ́wọ́ fún wọn lórí fóònù.

Mi ò gbà. Ohun tí ìtàn Abíọ́lá kọ́ mi kọ́ nìyẹn. Ìdádúró yẹn kò gba ẹ̀mí Abíọ́lá là, òótọ́ ni. Àmọ́ òun ni kò jẹ́ kí Abacha rójú. Òun ni kò jẹ́ kí orúkọ Abíọ́lá parẹ́ nínú àhámọ́. Nígbà tí Abdulsalami dé, ó mọ̀ pé tóun ò bá ṣètò ìdìbò, kò sẹ́ni tó máa bóun da nǹkan pọ̀. Ìyà tó jẹ wá wà lára ohun tó la ojú Áfíríkà: OAU fẹnu kò ní 1999 àti 2000 pé ẹni tó bá fìbọn gbàjọba ò gbọdọ̀ bá wọn jókòó mọ́. ECOWAS fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí ìjọba tiwantiwa ní 2001. Nígbà tí Jammeh, tó ti dákẹ́ nígbà tiwa, kọ̀ láti gbé ìjọba sílẹ̀ ní 2017, àwọn aládùúgbò ẹ̀ ló kó ọmọ ogun dé ẹnu ibodè, ó sì sá lọ. Adama Barrow tó wọlé ìbò ṣe ìjọba. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe fún Abíọ́lá, wọ́n ṣe é fún Barrow.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó. Nígbà tí wọ́n ti Mohamed Bazoum mọ́lé ní Niger ní 2023, ECOWAS ti ibodè, Nàìjíríà pa iná mànàmáná wọn, wọ́n ní ogun ń bọ̀. Ogun ò dé. Ta ni ìyà jẹ? Ìyálọ́jà tó ń ta àlùbọ́sà ní ibodè ni, kì í ṣe ọ̀gágun tó wà nínú ààfin. Nígbà tí wọ́n gbé ìjìyà náà kúrò ní 2024, Bazoum ṣì wà níbi tí wọ́n tì í mọ́. Àṣìṣe ìgbà Abíọ́lá náà nìyẹn: wọn ò fọwọ́ kan ibi tó máa dun aninilára, wọ́n sì ti rẹ̀ kí ẹlẹ́wọ̀n tó jáde.

Ìdí kan tún wà tí àwọn èèyàn ò fi ka ECOWAS sí. Tí ààrẹ kan bá yí ìwé òfin kó lè lọ fún sáà kẹta, ECOWAS á máa wò. Ìgbà tí ṣọ́jà bá dé ni wọ́n máa ń jí. Ará ilé tí kò sọ̀rọ̀ nígbà tí baálé ń jí nǹkan, tó wá ń pariwo nígbà tí adigunjalè wọlé, kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́.

Àwa Ẹ̀gbá mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà pípẹ́. Ní oṣù Kìíní, 1949, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú fún Aláké Adémọ́lá Kejì lọ́rùn lórí owó orí títí tó fi kúrò lórí ìtẹ́. Wọ́n kọ̀wé sí òyìnbó, wọ́n lọ sí London, àmọ́ ìta ààfin ní Aké ni wọ́n ti ja ìjà náà gan-an. Alejò lè bá wa lé olè, àmọ́ àwa la máa kọ́kọ́ pariwo, àwa la sì máa sọ ìgbà tó tó.

Lọ́dún 2018, ìjọba àpapọ̀ sọ ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà, di Ọjọ́ Ìjọba Tiwantiwa, wọ́n sì fún Abíọ́lá ní oyè GCFR, oyè tí wọ́n ń fún ààrẹ. Ó gbà wọ́n ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ní Abẹ́òkúta, orúkọ ẹ̀ wà lára pápá ìṣeré ní Kútọ̀ àti ilé ẹ̀kọ́ gbogbonìṣe ní Òjèrè.

Kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì yẹn tó sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, mo sọ fún wọn pé MKO kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù, kì í sì í ṣe gómìnà, ààrẹ tí wọn ò jẹ́ kó ṣe é ni. Ọ̀kan ní òun á bi màmá òun bóyá ó dìbò lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin náà, ẹ bi ẹni tó dàgbà nílé yín kó tó pẹ́ jù. Tí ìròyìn ECOWAS bá sì tún jáde lórí fóònù yín, pé wọ́n ti ẹnì kan tí àwọn èèyàn dìbò fún mọ́lé ní ìlú kan tó múlé gbè wá, ẹ má kàn fọwọ́ gbé e kọjá. Àwa náà ti wà níbẹ̀ rí, a sì ń retí pé kí aládùúgbò bá wa sọ̀rọ̀.